Èwo Ni Yóò Gbé Yín Kọjá Oṣù Kẹfà? Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ọkàn Wa Rẹ̀wẹ̀sì Bí A Bá Ń Dín Sísanra Kù

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí ọdún tuntun bá ti wọlé, ẹ gba àdúgbò Stadium kọjá l'Ógbómọ̀ṣọ́ ní ìdájí, ẹ ó rí àwọn tó ń rìn àti àwọn tó ń sáré: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ìyá tó ró ìró lé ṣòkòtò. Nígbà tí òjò bá fi máa fìdí múlẹ̀, iye wọn á ti dín kù gan-an. Àwọn tó ṣẹ́ kù kì í sábà jẹ́ àwọn tí ọkàn wọn le ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun tó ń gbé wọn jáde nílé ló yàtọ̀.

Ìyàtọ̀ yẹn ni mo fẹ́ fi wéra níbí. Ọ̀rọ̀ ohun tí a ó jẹ àti ohun tí a kò ní jẹ ti pọ̀ nílẹ̀, kò sì burú. Àmọ́ ẹni tó ní kílò 20 láti dín kù, bó bá ń dín ìdajì kílò sí kílò kan kù lọ́sẹ̀, èyí tí àwọn dókítà kà sí ìwọ̀n tí kò léwu, á lò tó oṣù márùn-ún sí mẹ́wàá, ó sì sábà máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìtara tó lè gbóná fún oṣù mẹ́wàá. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi díwọ̀n gbogbo ọ̀nà tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí: lọ́jọ́ tí kò wù yín rárá, ṣé á ṣì mú yín dìde?

Mo pe oṣù kẹfà nítorí pé ìwádìí ti fi hàn léraléra pé ìwọ̀n ara máa ń já wálẹ̀ dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, tí á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lójú kan nígbà tó bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ọ̀lẹ kọ́ ló fà á. Ara tó ti kéré kì í lo agbára oúnjẹ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó wọn kílò 98 tẹ́lẹ̀ tó wá di 88, oúnjẹ tó ń mú un rù ní oṣù kejì ti di oúnjẹ tó kàn ń gbà á dúró. Lẹ́yìn náà, leptin, ìyẹn hòmóònù tó ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé ara ní ohun tó tó, a máa lọ sílẹ̀ bí ọ̀rá ara bá ṣe ń dín kù. Ghrelin tó ń mú ebi pa wá, ńṣe ló ń lọ sókè. Ebi tó ń pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀kánjúà, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é bẹ́ẹ̀.

## Ìdí tó ní ọjọ́, àti ìdí tí kò ní ọjọ́

Púpọ̀ nínú wa ló ń tìtorí ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀. Ìgbéyàwó àbúrò ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá, wọ́n ti pín aṣọ ẹbí, télọ̀ sì ti ní ká wá kí òun wọ̀n wá. Irú ìdí báyìí lágbára: ó ní ọjọ́, gbogbo ẹbí ni yóò rí i, fọ́tò á sì wà. Fún ẹni tó fẹ́ dín kílò mẹ́ta tàbí mẹ́rin kù, ó tó. Fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìṣòro, nítorí pé bí àlejò bá ti tú ká, ìdí náà ti parí, oúnjẹ Kérésìmesì sì ti wà lórí iná.

Ìdí kejì ni ìbẹ̀rù àìsàn. Nọ́ọ̀sì so ẹ̀rọ mọ́ wa lápá, ó wò ó, ó tún un wọ̀n, ó sì lọ pe dókítà. Ìbẹ̀rù yẹn máa ń gbé ènìyàn jìnnà ju ìgbéyàwó lọ, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002 kó àwọn tí àtọ̀gbẹ ti fẹ́ẹ́ mú jọ. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn dín ìdá 7 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú láàárín wọn fi ìdá 58 nínú 100 dín sí ti àwọn tí wọn kò fi sínú ètò náà. Ẹ ṣírò rẹ̀: fún ẹni tó wọn kílò 100, kílò méje péré ni. Kò dìgbà tí a bá dà bí ọmọ ogún ọdún kí ara tó jèrè. Àléébù tí mo rí nínú ìdí yìí ni pé ìbẹ̀rù máa ń lọ bí nǹkan bá ti sàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti wálẹ̀ sí 120 lórí 80, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo láti jáde.

Ìdí kẹta ni ohun tí ẹ fẹ́ kí ara yín lè ṣe. Kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì dìde láì di àga mú. Kí ẹ forí kanlẹ̀ lórí ẹní ìrun láì sí ìrora lórúnkún. Kí ẹ rìn láti àdúgbò Takie délé láì dá kẹ̀kẹ́ dúró. Kí ẹ pọn ọmọ-ọmọ yín. Èyí ni mo fara mọ́ jù, nítorí pé kò ní ọjọ́ tó máa kú, ó sì ń fi ara rẹ̀ hàn kódà lọ́sẹ̀ tí òṣùwọ̀n kò bá kúrò níbi tó wà. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ló tì yín síta, ẹ jẹ́ kó tì yín. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ ti kọ ohun kan tí ẹ fẹ́ kí ara yín lè ṣe sílẹ̀, kí ẹ lè rí nǹkan dì mú lọ́jọ́ kejì.

## Òṣùwọ̀n, téèpù télọ̀, tàbí aṣọ

| Ohun ìwọ̀n | Ohun tó dára fún | Ibi tó ti ń já ni kulẹ̀ |
|---|---|---|
| Òṣùwọ̀n | Ó ń fi nọ́ḿbà hàn kíá. Ó ń tètè kìlọ̀ bí ìwọ̀n bá ń padà | Omi, iyọ̀ àti nǹkan oṣù lè yí i padà láàárín ọjọ́ kan |
| Téèpù télọ̀ | Ó ń sọ nípa ọ̀rá inú ikùn, èyí tó léwu jù | Bí ọwọ́ bá yẹ̀ lórí ibi tí a ti wọ̀n ọ́n, nọ́ḿbà á yí |
| Aṣọ tó fún mọ́ra | Kò gba owó, kò gba ìṣírò | Ó lọ́ra. Aṣọ tó ń fà kò wúlò fún un |
| Ohun tí ara lè ṣe | Ó ń múnú ẹni dùn nígbà tí òṣùwọ̀n bá dúró | Kì í fi bí ó ti kù tó hàn |

Òṣùwọ̀n ló ń ba ọkàn jẹ́ jù nínú gbogbo wọn, síbẹ̀ n kò ní sọ pé kí ẹ jù ú nù. Ìwọ̀n ara ẹnìkan náà lè fi kílò kan sí méjì lọ sókè sódò láàárín ọjọ́ kan láì jẹ́ pé ọ̀rá kankan wọlé tàbí jáde. Ẹni tó lọ òde òkú ní Sátidé, tó jẹ ìrẹsì àti ẹran díndín tó níyọ̀, á gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ Sunday, á sì rò pé gbogbo iṣẹ́ oṣù kan ti ṣègbé. Kò ṣègbé. Kílò ọ̀rá kan tó nǹkan bí 7,700 kálórì, ìyẹn ohun tí a fi ń wọn agbára inú oúnjẹ. Kò sí ikùn tó lè gba èyí lé oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ní òde kan ṣoṣo. Omi tí iyọ̀ náà dá dúró sínú ara ló pọ̀ jù nínú ohun tó rí, á sì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àkọsílẹ̀ kan ní 1994 nípa àwọn ènìyàn tó dín kílò 13 àti ààbọ̀ kù ó kéré tán, tí wọn kò sì jẹ́ kó padà fún ọdún kan ó kéré tán. Bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló ń gun òṣùwọ̀n, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n wúlò fún ẹni tí nọ́ḿbà kì í bà lọ́kàn jẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ irú ẹni tí nọ́ḿbà kan lè mú kí ó má jẹun lọ́sàn-án tàbí kó jẹ àjẹjù lálẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó yín. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, láàárọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó mu omi, lórí òṣùwọ̀n kan náà. Ẹ má fi ti kẹ́mísìtì òpópónà kan wé ti ilé ìwòsàn, wọn kì í dọ́gba. Ẹ gbé tiyín sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì.

Téèpù télọ̀ kò wọ́n, ó sì ń sọ ohun tí òṣùwọ̀n kò lè sọ. Ẹ fi yí ikùn ká ní àárín ibi tí egungun ìhà parí sí àti ibi tí egungun ìbàdí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ mí jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má fa ikùn wọlé. Fún obìnrin, bó bá ti kọjá sẹ̀ntímítà 80, ewu àìsàn ọkàn àti àtọ̀gbẹ ti ń pọ̀ sí i. Fún ọkùnrin, 94 ni. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó. Mo ti rí i tí ìbàdí ń dín kù nígbà tí kílò kò sún rárá, pàápàá lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan wúwo.

Ní ti aṣọ, bùbá, agbádá àti káfútáànì kò lè sọ ohunkóhun fún wa. Àyè inú wọn pọ̀ jù. Ẹ yan ṣòkòtò jíǹsì kan tàbí gáùn kan tí síìpù rẹ̀ kò lọ sókè mọ́, kí ẹ sì máa wọ̀ ọ́ wò ní ìparí oṣù.

## Ẹ̀yin nìkan, ẹnìkejì, ẹgbẹ́ WhatsApp, tàbí owó ìdúró

Ẹni tó ń dá a ṣe ní òmìnira. Kò dúró de ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó máa bi í léèrè ohun tó jẹ. Ibẹ̀ náà sì ni àléébù rẹ̀ wà: ọjọ́ tó bá dáwọ́ dúró, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Mo mọ àwọn tó ṣe é láṣeyọrí báyìí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló jẹ́ ẹni tó ti ní àṣà kan tí kì í yẹ̀ tẹ́lẹ̀, irú ẹni tó ń kírun àsùbáà lásìkò lójoojúmọ́, tí wọ́n kàn so rírìn mọ́ ọn.

Ẹnìkejì ni mo yàn ju gbogbo ìyókù lọ. Bó bá ti di aago márùn-ún ààbọ̀ tí ẹnìkan ń kan géètì yín, ìtara kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ojú ló ń tì yín láti jẹ́ kó padà lófo. Ẹ wo bí ẹ ó ṣe yàn án, nítorí pé níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹ má wá ọ̀rẹ́ tí ẹ fẹ́ràn jù. Ẹ wá ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, tó ń jí lásìkò tí ẹ̀ ń jí, tí ìrìn rẹ̀ kò sì yá ju tiyín lọ púpọ̀. Ẹlòmíì á fẹ́ fi ọkọ tàbí ìyàwó ṣe ẹnìkejì. Ó máa ń dára nídìí oúnjẹ, nítorí ìkòkò kan náà ni, ṣùgbọ́n nídìí rírìn, tọkọtaya a máa gba àwáwí ara wọn kíákíá: òjò ti ṣú, ẹ jẹ́ ká sùn. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ mẹ́ta, kí ìrìn má baà dúró bí ẹnìkan bá rìnrìn àjò lọ sí Ìbàdàn.

Ẹgbẹ́ WhatsApp a máa dùn lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní. Fọ́tò oúnjẹ, fọ́tò bàtà, àdúrà àárọ̀. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹta, ọjà títà àti fídíò tí kò kàn wá ni yóò kún ibẹ̀. Ìfiwéra burúkú tún wà níbẹ̀: ẹnìkan gbé fọ́tò kílò 12 tó dín kù sókè, ẹni tó dín méjì kù á sì rọra jáde. Síbẹ̀, ó dára fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó ní àsìkò kan pàtó, bíi nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ òru lónìí tó sì tún ń ṣe tọ̀sán lọ́la. Ẹ jẹ́ kó kéré, bí ènìyàn márùn-ún sí mẹ́jọ, kó sì ní òfin kan: ẹni tó bá ti rìn á kọ ọ́ pé òun ti rìn. Kí ẹ má kọ kílò síbẹ̀.

Àǹfààní ìpàdé ojúkojú kì í ṣe ohun tuntun. Jean Nidetch, ìyàwó ilé kan ní New York, ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sanra wá sílé kí wọ́n jọ máa sọ ìṣòro wọn. Láti inú ìpàdé yẹn ni Weight Watchers, ilé iṣẹ́ tó ń ran àwọn tó fẹ́ rù lọ́wọ́, ti jáde ní 1963. Àwa náà ti ní ìpàdé nílẹ̀: ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, àsàlátù, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Kò sí ìdí tí a fi ní láti dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ bí ènìyàn mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ tó wà bá lè máa rìn lọ sípàdé dípò kí wọ́n gun ọ̀kadà.

Owó ìdúró ni èyí tí àwọn kan ń ṣe bí àjọ. Oníkálùkù á dá owó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹni tó bá ṣe é á gba tirẹ̀ padà, ẹni tí kò ṣe é á pàdánù. Ìwádìí ti fi hàn pé owó lè mú kí ènìyàn rù, ṣùgbọ́n bí owó bá ti dáwọ́ dúró, ìwọ̀n náà sábà máa ń padà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ fi owó sórí ọjọ́ tí ènìyàn jáde wá rìn, ẹ má fi sórí kílò. Bó bá jẹ́ kílò, ẹlòmíì á febi pa ara rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí kó mu tíì tó ń mú inú ṣí. Àwọn tíì àti àgbo bẹ́ẹ̀ a máa kó omi àti ìgbẹ́ jáde, ọ̀rá á sì wà níbi tó wà.

## Sísọ ọ́ fún gbogbo ayé, dídákẹ́, tàbí sísọ ọ́ fún ènìyàn díẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń kọ ìwé ìmọ̀ràn láti òkè òkun. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá rù ni wọ́n máa kí kú oríire. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá rù ni wọ́n máa bi léèrè. "Ẹ ti rù o! Ṣé kò sí nǹkan?" "Àǹtí, ara yín le ṣá?" Bó bá jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á ní ìyàwó rẹ̀ kò fún un lóúnjẹ. Bó bá jẹ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, ìyá rẹ̀ á pè é sí yàrá.

Ìfẹ́ ló wà nídìí púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Àwọn òbí wa rí àsìkò tí ẹni tó bá ń gbẹ jẹ́ ẹni tó ń ṣàìsàn, tó ń ṣọ̀fọ̀, tàbí tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ń bọ́ sí: ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hàn, tí ẹni náà sì ń retí kí ẹnìkan rí i. Mo ti rí ẹni tó fara da ebi, òjò àti ìjí ìdájí, tó wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ará ilé kan ṣoṣo ló dá a padà sídìí ìkòkò. Ó dùn mí púpọ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́ pátápátá bọ́ lọ́wọ́ ìfiṣẹ̀sín. Bí ó bá dáwọ́ dúró, kò sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kò ní ìdáhùn sílẹ̀ fún ìbéèrè tó ń bọ̀, àti pé ẹni tó ń sè oúnjẹ nílé kò mọ ohun tó ń lọ, á sì máa gbé àwo kún bó ti ń ṣe. Ẹni tó sọ fún gbogbo ayé ti so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí lè ràn án lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹran tó bá mú lóde àríyá ni wọ́n á máa kà fún un.

Èyí tó dúró pẹ́ jù lójú tèmi ni kí ẹ sọ ọ́ fún ènìyàn díẹ̀ tí ọwọ́ wọn wà nínú oúnjẹ yín: ẹni tó ń sè é, ẹni tó ń bù ú, ìyá yín, àti ọkọ tàbí ìyàwó yín. Ẹ sọ òótọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ lọ́nà tí wọ́n á fi rí ara wọn nínú rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ:

"Màámi, orúnkún mi yìí ń dùn mí. Mo fẹ́ fúyẹ́ díẹ̀ kí n lè máa kúnlẹ̀ kí yín dáadáa."

"Ṣé ebi ò ní pa ọ́?"

"Kò ní pa mí, Màámi. Ẹ ṣáà bá mi dín àmàlà kù, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀. Ẹran tiyín yẹn, mi ò ní kọ̀ ọ́."

Ìyá tó bá gbọ́ báyìí á di olùrànlọ́wọ́. Fún àwọn ará àdúgbò, ìdáhùn kúkúrú ti tó: "Ara le, a dúpẹ́. Mo ń rìn láàárọ̀ ni." Ẹ má ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi kún un. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń rù láì gbìyànjú, tí òùngbẹ ń gbẹ yín, tí ẹ̀ ń tọ̀ léraléra, tàbí tí ikọ́ kò lọ, a jẹ́ pé òótọ́ ni aládùúgbò yẹn sọ. Ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

## Pápá, jíìmù, tàbí inú ilé

N kò ní pẹ́ níbí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí ó sì ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì. Pápá àti títì kò gba owó, àmọ́ òjò àti oòrùn ń dí wọn lọ́wọ́, àwọn ọlọ́kadà kì í sì í fara balẹ̀ lójú títì. Jíìmù ní irin àti ẹni tó ń kọ́ni. Owó tí a san a máa fà wá lọ fún oṣù kan, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀nà jíjìn á borí. Inú ilé kò fani mọ́ra, ṣùgbọ́n kò sí òjò tó ń dí i lọ́wọ́. Èyí tó bá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà yín jù ni kí ẹ mú. Ẹ ní èkejì fún ọjọ́ òjò.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀: lẹ́yìn ìrun àsùbáà, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá mú ọmọ dé ilé ìwé. Àwọn olùwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé èsì jáde ní 2010 pé ọjọ́ 66 ni ó ń gbà kí ohun tuntun tó di àṣà tí a kì í rò ká tó ṣe, bí a bá pín in dọ́gba. Àwọn kan lo ọjọ́ 18. Ti ẹlòmíì tó 254. Wọ́n tún rí i pé fífo ọjọ́ kan kò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹni tó bá fo Ọjọ́rú, kó jáde ní Ọjọ́bọ̀.

## Òfin líle àti òfin tó ní àyè

Òfin líle: kò sí àmàlà, kò sí ìrẹsì, kò sí òde. Ó rọrùn láti rántí, ó sì ń yára mú ènìyàn rù. Òfin tó ní àyè: àmàlà dín sí ìdajì, ẹ̀fọ́ àti gbẹ̀gìrì wà níbẹ̀, ọtí ẹlẹ́rìndòdò kúrò, òde ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó lọ́ra, ó sì ń béèrè ìṣírò lójoojúmọ́.

Láàárín 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minnesota, olùwádìí kan, Ancel Keys, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ dín oúnjẹ àwọn ọkùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn kù gidigidi fún oṣù mẹ́fà. Àwọn ọkùnrin tí ara wọn le dáadáa tẹ́lẹ̀ di ẹni tí kò ronú ohun mìíràn ju oúnjẹ lọ. Wọ́n ń ka ìwé oúnjẹ sísè, inú ń bí wọn, ìbànújẹ́ sì mú wọn. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n jẹun padà, púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìgbà tí wọ́n yó. Ohun tí ìfebipara ń ṣe nìyẹn fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ le. Ẹni tó bá fi òfin líle bẹ̀rẹ̀, tó sì já a ní òde òkú kan, kì í sábà padà sórí òfin náà. Á ní ó ti bàjẹ́ ná, á sì jẹ é títí di ọdún tó ń bọ̀. Nínú ìlú tí òde kì í tán lọ́jọ́ Sátidé, òfin tó ní àyè ni mo yàn.

Ààwẹ̀ wà láàárín méjèèjì. Ìwádìí tó fi dídín wákàtí ìjẹun kù wé dídín oúnjẹ ojoojúmọ́ kù rí i pé èsì wọn sún mọ́ra. Nítorí náà, ẹ wo èyí tó bá ìgbé ayé yín mu. Àwọn kan rí i pé ó rọrùn láti má jẹun rárá títí di ọ̀sán ju kí wọ́n dá ọwọ́ dúró nígbà tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù Ramadan fúnra rẹ̀ kì í fi dandan mú ènìyàn rù, nítorí ohun tí a ń jẹ láti ìgbà ìṣínu títí di sààrì.

## Bí òṣùwọ̀n bá dúró

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní ni kí ẹ tún le sí i: ìrìn pọ̀ sí i, oúnjẹ dín sí i. Èyí ló kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn, òun ló sì ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lójú ọ̀nà, nítorí pé ara tó ti rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè sí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì ni kí ẹ dúró níbẹ̀ tinútinú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Kí ẹ má gbìyànjú láti dín kù, kí ẹ kàn rí i pé kò padà sókè. Mo gba ẹni tó ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn nímọ̀ràn pé kí ó ṣe èyí. Ìdúró lójú kan ni iṣẹ́ tó máa kù nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ó sì yẹ kí a ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó dúró ní kílò 88 fún oṣù kan lẹ́yìn 98 ti ṣe ohun tó ṣòro.

Ẹ̀kẹta ni kí ẹ yẹ ohun tó ń yọ́ wọlé wò. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan òróró tó nǹkan bí 120 kálórì, a kì í sì í wọn epo tí a ń dà sínú ọbẹ̀. Ẹ̀pà tí a ń jẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù náà ń kà. Oorun tó kéré sí wákàtí méje a máa mú ebi pọ̀ sí i. Àwọn oògùn kan sì wà tó ń mú kí ènìyàn sanra. Ẹ kó gbogbo èyí tí ẹ̀ ń lò lọ bá dókítà, ìbáà jẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH tàbí ti Bowen tí àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní 1907, kó bá yín wò ó.

## Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ẹ bá jẹ́ ọlọ́jà ní Takie tó ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́: ẹ fi ìrìn sí àlọ tàbí àbọ̀, ẹ mú ẹnìkan lára àwọn tí ìsọ̀ yín jọ kángun síra, téèpù télọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì máa gbé oúnjẹ yín láti ilé wá.

Bí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò Under-G: ẹ jẹ́ mẹ́ta tí ẹ jọ ń gbé ilé kan náà, ẹ sè pọ̀, ẹ fi owó ìdúró kékeré sórí ọjọ́ ìrìn. Ẹ má gun òṣùwọ̀n ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ tí àsìkò rẹ̀ dúró: ẹnìkejì tó ń kan géètì, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Bí orúnkún bá ń dùn yín tàbí tí ọjọ́ orí bá ti lọ: ìdí kẹta, ìyẹn ohun tí ẹ fẹ́ kí ara yín lè ṣe, ni kí ẹ dì mú, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, àti jíjókòó dìde lórí àga fún agbára itan. Ẹni tó bá ń lo insulin, ìyẹn abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ìwọ̀n ara bá ti ń dín kù, oògùn tó bá a mu tẹ́lẹ̀ lè ti pọ̀ jù fún un.